Ohun Tí Ìyá Láyí Pè Ní Ejìnrìn

Nígbà tí Reuben kú, òórùn ọ̀dà tuntun kò tíì kúrò nínú ilé tí òun àti Magdalene ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Peckham ni wọ́n wà láti ìgbà tí wọ́n ti dé London, kí kánsù tó sọ pé àwọn fẹ́ wó ilé wọn, tí wọ́n sì kó wọn wá sí fúláàtì kan ní Barking Riverside, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe iná mànàmáná láyé ọjọ́un. Reuben fẹ́ràn ibẹ̀. Ó ní òun ń rí odò láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Ó ní bí ojú ọjọ́ bá gbóná, àwọn méjèèjì yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àárín ìlú, àwọn yóò kàn lọ, àwọn yóò sì kàn bọ̀. Ojú ọjọ́ kò tíì gbóná tí ọkàn rẹ̀ fi daṣẹ́ sílẹ̀.

Láyí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wá láti Kánádà. Ó sin bàbá rẹ̀, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó máa ń pè. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ máa ń gbọ́ ariwo mọ́tò lábẹ́ ohùn rẹ̀, á sì mọ̀ pé ojú ọ̀nà ló wà, pé bó bá ti dé ibi tó ń lọ, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Ìyá Láyí, orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń pe Magdalene nìyẹn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá gbé. Ní Peckham, kò lè jáde lọ ra ata kí ẹnìkan má dá a dúró bi í léèrè orúnkún rẹ̀. Níbí, inú lífúùtì lòun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti máa ń pàdé, nǹkan orin á wà létí kálukú. Ó kí ọkùnrin kan láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọkùnrin náà yọ nǹkan etí rẹ̀, ó ní kí ló wí. Ìyá Láyí tún kí i. Ọkùnrin náà ní "Oh, morning," ó sì dá nǹkan rẹ̀ padà sétí. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ lífúùtì ni ìyá náà ń wò.

Ó ń lọ sí ìjọ Aládùúrà kan ní Becontree Heath, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n yá. Yóò ká sùtánà funfun rẹ̀ sínú báàgì, yóò wọ bọ́ọ̀sì, yóò sì bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí gbogbo wọn. Àwọn ará ìjọ náà kò níkà nínú, àmọ́ ó pẹ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn bọ̀, olúkúlùkù ti ní ẹni tí wọ́n jọ ń lọ sílé. Bí wọ́n bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ kú ìsìn o," wọ́n á sì wọ mọ́tò wọn. Bó bá délé, yóò fi sùtánà náà kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà mìíràn, bó bá jókòó, tó bá ṣèèṣì wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, àyà rẹ̀ á já, á dà bí ẹni pé ẹnìkan dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò rántí pé aṣọ ni.

Nínú oṣù Karùn-ún ló rí ewé náà.

Ó ń rìn lọ sétí odò, lójú ọ̀nà tí wọ́n fi ọgbà wáyà yí ká, nítorí dókítà ní kó máa rìn. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà lẹ́yìn wáyà náà. Nǹkan kan ti fà gun orí igi náà, ó fà dé orí wáyà, ó sì ń na ọwọ́ sí ojú ọ̀nà. Ewé rẹ̀ pín bí ọmọ ìka. Àwọn ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń di nǹkan mú ká jọ bíi sípíríǹgì.

"Ejìnrìn!" Ìyá Láyí pariwo sókè.

Obìnrin kan tó ń sáré kọjá wò ó, ó sì sáré lọ.

Lágbègbè Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí i sí, kò sẹ́ni tó ń gbin ejìnrìn. Fúnra rẹ̀ ló ń hù, lára ògiri tó ti wó, lára ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún. Àmọ́ bí ibà bá mú ọmọ, ibẹ̀ ni ìyá yóò sáré lọ. Ìyá tirẹ̀ a máa fún un sínú ife, a sì máa fi orúnkún dì í mọ́lẹ̀ kó tó lè rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ó kórìíra rẹ̀ nígbà náà. Nísinsìnyí, ó dúró lẹ́bàá ọgbà wáyà, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó já ewé kan, ó ra á lọ́wọ́, ó gbé e símú. Òórùn tó ń retí kò jáde. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òtútù ilẹ̀ yìí ló gbà á, bó ṣe gba òórùn tòmátì wọn. Ewé náà ní irun díẹ̀ lára pẹ̀lú, ó ń họ ọwọ́. Ó fi kan ahọ́n. Ó korò.

"Ìyẹn náà tó," ló wí.

Láti ọjọ́ náà, ó ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ń kí i. Ó ń sọ ohun tó jẹ fún un, ó sì ń sọ ohun tí Láyí wí. Nítorí àwọn tó ń kọjá, ó máa ń gbé fóònù sétí bí ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin àgbà kan wà tó máa ń bá níbẹ̀ nígbà mìíràn, ẹni pupa kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn, tó káwọ́ sẹ́yìn, tó ń wo ewé yẹn bí ẹni ń ka ìwé. Bó bá ti rí Ìyá Láyí, á mi orí, á sì kúrò. Ìyá Láyí kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó rò pé kánsù ló rán an, pé ó fẹ́ gé ejìnrìn òun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ jókòó sórí àga, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Òun ni olórí àwọn obìnrin ìjọ, obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìtọ̀ ṣúgà ń dà á láàmú.

"Oògùn òyìnbó yìí ti sú mi," ó ń sọ fún àwọn tó yí i ká. "Ká ní ilé ni mo wà, ejìnrìn ni ǹ bá máa mu. Níbo la ti fẹ́ rí ejìnrìn tútù níbí?"

Ìyá Láyí ń gbé báàgì rẹ̀ lọ. Kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là.

"Mo mọ ibi tó wà," ló wí.

Gbogbo wọn yíjú.

"Ejìnrìn tútù? Ní London?"

"Ìtòsí ilé mi ni. Ó pọ̀ níbẹ̀ bí ẹni gbìn ín."

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká mọ iye ohun tí ènìyàn lè fi ra àga kan láàárín àwọn ènìyàn! Wọ́n sún, wọ́n ní kó jókòó. Wọ́n gbé ìrẹsì fún un. Wọ́n béèrè ibi tó ti wá, wọ́n béèrè ọkọ rẹ̀, wọ́n sì bá a kẹ́dùn dáadáa nígbà tí wọ́n gbọ́. Wúrà, ìyàwó kékeré kan tó ń wa mọ́tò, ní kò ní wọ bọ́ọ̀sì mọ́, òun yóò gbé e délé. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, fóònù rẹ̀ ń dún. Ẹnìkan fẹ́ tirẹ̀ fún ara tó ń yún ọmọ. Ẹlòmíràn ní òun kàn fẹ́ gbé e símú ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó kó ewé náà kún ọ̀rá kan wá fún Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ìyá náà gbé ọ̀rá náà mọ́ra.

"Ọlọ́run yóò tọ́jú rẹ fún mi. Ìrọ̀lẹ́ òní ni n ó fún un, kí n tó jẹun."

Wúrà gbé Ìyá Láyí padà sílé. Kò tilẹ̀ gòkè lọ. Ó gba etí odò lọ tààrà, láti já ti àwọn tó kù. Oòrùn ṣì mú dáadáa. Ó ti já ẹ̀ka mẹ́ta sínú ọ̀rá nígbà tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Madam! Madam, ẹ jọ̀ọ́, rárá!"

Ọkùnrin kóòtù yẹn ni. Èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já gaara, ti Ìyá Láyí náà kò sì já gaara tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ara wọn yé.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" ó bi í.

"Oògùn ni. Ewé ilé wa ni."

"Ewé ilé tiwa ni," ọkùnrin náà wí.

Wọ́n wo ara wọn.

Ó ní Ammar lorúkọ òun. Síríà ni wọ́n bí òun sí, ní abúlé kan lórí òkè tó kọjú sí òkun. Lórí òkè yẹn, kò sí igbó bí kò ṣe igi kúkúrú kúkúrú ẹlẹ́gùn-ún àti òkúta, òjò kì í sì í rọ̀ títí ẹ̀rùn fi máa ń parí. Láàárín ẹ̀gún yẹn ni ewé yìí, tàbí ẹbí rẹ̀ tímọ́tímọ́, ti máa ń fà. Gbogbo nǹkan yòókù á gbẹ, òun nìkan á tutù. Gbòǹgbò rẹ̀ nínú ilẹ̀ tóbi bí ìdí ọmọ. Ọjọ́ tóun kọ́kọ́ rí i lára wáyà yìí, òun dúró títí ẹsẹ̀ fi ń dun òun.

"Èso rẹ̀ a máa pọ́n," ó wí. "Àwa ọmọdé máa ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Àbúrò mi obìnrin jẹ ẹ́. Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlú lọ́dọ̀ dókítà. Wọn kò gbé e padà wá."

Ìyá Láyí ní, "Kì í ṣe òun nìyí. Ejìnrìn nìyí."

Ammar kò bá a jiyàn. Ó kàn na ìka sí òdòdó kan, ó kéré, ó funfun bí omi ọṣẹ. Òdòdó ejìnrìn a máa pọ́n rúsúrúsú bí pupa ẹyin adìẹ, ọmọdé tó bá dé oko rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí òdòdó wọ̀nyí ti yọ. Ìyá Láyí ti rí wọn. Ó ti ń gbé ojú kúrò lára wọn.

Ó ju ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó pe Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Fóònù dún títí, kò gbé e. Ó pe Wúrà, kò gbé e. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní ibùdókọ̀. Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ kan wá sí i lọ́kàn níbẹ̀. Bí ọkùnrin yìí bá ṣì í mọ̀ ńkọ́? Bí ewé náà kò bá ju pé kó yọ ìyá náà lẹ́nu nínú díẹ̀ lọ ńkọ́? Bóun bá sọ ọ́, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fi mọ òun lénìyàn, ó tán nìyẹn. Ó jókòó débi tí bọ́ọ̀sì kan fi wá, tó sì lọ. Ammar dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí bọ́ọ̀sì kejì yọ, Ìyá Láyí dìde, ó sì wọ̀ ọ́ lọ sílé Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, tí Wúrà ti fi hàn án lójú ọ̀nà.

Eden, àbíkẹ́yìn Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ló ṣílẹ̀kùn. London ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́. Ìyá Láyí kò kí i. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé lọ sí ilé ìdáná. Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ dúró níwájú abọ́ ewé tó ti fún, ife wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti fún pọ̀.

"Áà, ìwọ rèé! Ó korò gan-an ni, ó korò ju ti ilé lọ."

"Ẹ má mu ún! Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀! Kì í ṣe ejìnrìn."

"Kí ló wá jẹ́?"

"Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Májèlé ni. Èló lẹ mu?"

"Ẹnu kan. Ẹnu kan àbọ̀."

"Oh my days, Mum!" Eden ti ń tẹ fóònù.

Kí ańbúláǹsì tó dé, ìyá náà ti ń bì. Ìyá Láyí di orí rẹ̀ mú lórí síǹkì, ó ń sọ pé kó dárí ji òun, kó dárí ji òun, títí Eden fi ní kó sún sẹ́yìn. Eden ti ya fọ́tò ewé náà, fóònù rẹ̀ sì ti dárúkọ rẹ̀ fún un. Ó kà á sókè: ẹbí ẹ̀gúsí ni, ẹbí ejìnrìn ni, gbòǹgbò rẹ̀ àti èso rẹ̀ àti ewé rẹ̀, kò sí èyí tó ṣeé jẹ.

"Ẹ lè pa mọ́mì mi," ló wí. Kò pariwo. "Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àbí?"

Wọ́n gbé ìyá náà jáde. Eden bá wọn wọ ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn ilé pa. Ìyá Láyí nìkan ló kù síta, níwájú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀. Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Àwọn ọmọdé ń gba bọ́ọ̀lù lójú pópó bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kò kú. Wúrà ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù lọ́jọ́ kejì pé wọ́n ti fa omi sí i lára, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Ìyá Láyí kúnlẹ̀ dúpẹ́ lẹ́bàá àga. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó se móínmóín, ó gbé e lọ sí ìjọ, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè gbé dání. Wòlíì ṣe ìdúpẹ́, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àga tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ ṣófo, ti apá òsì ṣófo. Wọ́n kí i. Ìkíni náà ló tilẹ̀ burú jù, ó dùn lẹ́nu, kò sì dúró. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀, móínmóín rẹ̀ wà lórí tábìlì láàárín oúnjẹ àwọn tó kù. Obìnrin kan ní, "Ó dára o, Màmá," ó sì bu ìrẹsì.

Ó gbé ìkòkò náà padà sílé lórí itan nínú bọ́ọ̀sì. Ó ṣì wúwo bó ṣe wà nígbà tó gbé e jáde.

Ammar bi í léèrè lọ́jọ́ tí wọ́n tún pàdé. Ó sọ fún un.

"Ẹ sọ ọ́," Ammar wí. "Ẹ wọ bọ́ọ̀sì, ẹ lọ sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún àbúrò mi."

Wọ́n jọ dúró díẹ̀.  Lẹ́yìn ìgbà yẹn, kò rí i mọ́. Kò béèrè ilé rẹ̀ nígbà tó yẹ kó béèrè, kò sì sí ẹni tó lè bi. Èso wóró wóró so lára wáyà, wọ́n wà ní tútù, wọ́n wá pọ́n fòò. Ìyá Láyí gba ọ̀nà mìíràn lọ sétí odò.

Kò lọ sí ìjọ mọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ń fetí sí ìsìn lórí fóònù, ohùn rẹ̀ nìkan ló ń dáhùn "àmín" nínú ilé. Láyí pè, ó ní, "Mọ́mì, ara yín dá?" Ó ní ara òun dá. Láyí ní ó dáa, òun ti débi tóun ń lọ.

Nígbà tí ẹ̀rùn ń parí lọ, aago ẹnu ọ̀nà dún lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò sẹ́ni tó ń tẹ aago yẹn àyàfi àwọn tó ń gbé ẹrù fún aládùúgbò. Ó gbé fóònù aago náà.

"Ta ni?"

"Ṣílẹ̀kùn, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ni. Ọ̀pá lọ́wọ́, gèlè lórí. Ó ti rù díẹ̀. Ó ní Wúrà ló júwe ilé fún òun, ọkọ̀ ojú irin lòun wọ̀ dé òpin ọ̀nà rẹ̀, pé Eden rò pé ilé lòun wà.

Ìyá Láyí kúnlẹ̀, kò lè gbójú sókè.

"Dìde, ilẹ̀ rẹ tutù." Ìyá náà jókòó sórí àga Reuben láìmọ̀. "Gbogbo ìjọ ló wá kí mi. Wọ́n gbé ọsàn wá, wọ́n gbé bísíkíìtì tí mi ò lè jẹ wá. Ìwọ nìkan ni mi ò rí."

"Ojú ló ń tì mí, Mọ́mì. Ẹ̀rù Eden náà sì ń bà mí."

"Eden." Ìyá náà mi orí. "Ó máa ń ti ibi iṣẹ́ pè mí láti béèrè bóyá mo ti mu oògùn. Bí mo bá ní mo ti mu ún, ó parí." Ó fi ọ̀pá tẹ kápẹ́ẹ̀tì. "Jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ọ. Bí mo ṣe ń fún ewé yẹn, ọwọ́ mi ti ń yún mi. Mo mọ̀ pé ejìnrìn kì í yún ènìyàn. Mo mọ̀."

Ìyá Láyí gbójú sókè. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi mu ún?"



"Wọ́n ń gbé oògùn wá sẹ́nu ọ̀nà mi nínú páálí," ó wí. "Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti já ewé fún mi."

Wọn kò sọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Ìyá Láyí wọ ilé ìdáná lọ, ó gbé ẹ̀wà kaná. Ó rọra sè é, ó dín epo rẹ̀ kù púpọ̀ nítorí àìsàn àlejò náà, ó sì fi ẹ̀fọ́ sí i. Láti ibi tó dúró, ó ń gbọ́ tí ìyá náà ń sọ̀rọ̀: ẹ̀ka ìjọ Dagenham fẹ́ ra ilẹ̀, irun tí Wúrà dì fún ọmọ rẹ̀ kò gún, òjò ọdún yìí kò ṣe bí òjò. Ó ń dáhùn "ẹ̀n" àti "háà" níbi tó yẹ. Ohùn náà lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bu oúnjẹ jáde, Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ti sùn lórí àga, gèlè rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.

Ìyá Láyí fi abọ́ bo oúnjẹ náà. Ó ronú pé ó yẹ kóun pe Eden, òun yóò pè é, tó bá ṣe díẹ̀. Ó mú aṣọ kan, ó fi bo ìyá náà lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sí òdìkejì, ó káwọ́ lé itan, ó sì ń gbọ́ bí ẹlòmíràn ṣe ń mí nínú ilé rẹ̀.